Ìwé Kíkà àti Ìwé Kíkọ Nígbà Tí Ọyẹ́ Bá Ń Kógbá Sílé

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn akọ̀ròyìn ẹgbẹ́ wa sọ níbi ìpàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ní ìlú Ìwó)

Àwọn tó ti Èkó wá, àwọn tó ti Àbújá wá, àti àwọn tó kàn fẹsẹ̀ rìn láti Odò Ọrí, gbogbo wa la rìn, ilé la sì bọ̀. Ìwó olódò Ọbà, ilé odídẹrẹ́, kò ní bàjẹ́ mọ́ wa lórí o.

Ìgbìmọ̀ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ìròyìn. Mo rò ó títí, mo rí i pé bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti òṣèlú, ìjà ni a ó fi jẹ ìrẹsì tí ẹ ń gbóòórùn rẹ̀ yìí. Mo wá tọrọ àyè pé kí n sọ ohun kékeré: báwo ni ẹni tó ń fi ìwé kíkọ jẹun ṣe ń lo ọjọ́ rẹ̀ ní irú àsìkò yìí, tí ọyẹ́ ń kógbá sílé, tí òjò àkọ́rọ̀ kò sì tíì dé? Kí ló ń kà? Kí ló ń kọ? Kí ló fi ń tu ara rẹ̀ nínú? Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi dópin, nítorí pé nǹkan kan wà tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín kí a tó tú ká.

ERUKU ORÍ ÌWÉ

Gbogbo wa la mọ ọyẹ́. Láti ìgbà tí oṣù Kọkànlá bá ti ń parí lọ títí di oṣù Kejì, nígbà mìíràn títí wọ oṣù Kẹta, atẹ́gùn gbígbẹ a máa fẹ́ bá wa láti àríwá ìlà-oòrùn. Ètè á bẹ́, gìgísẹ̀ á là, òwúrọ̀ á tutù bí omi àmù, ọ̀sán á sì gbóná bí ẹni pé a ò rí òtútù rí. Àmọ́ ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tí púpọ̀ nínú eruku náà ti ń wá? Ibì kan wà ní ilẹ̀ Chad tí wọ́n ń pè ní Bodélé. Ìsàlẹ̀ adágún omi ńlá kan ni láyé àtijọ́, tí adágún Chad òde òní kò tó ọmọ ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Omi náà gbẹ, ó ku ẹrẹ̀ funfun tó kún fún èépá àwọn ohun ẹlẹ́mìí kéékèèké tó ti gbé inú omi rí. Atẹ́gùn ló ń gbá a lọ́dọọdún. Òun ló ń gba ilẹ̀ Hausa kọjá tó fi ń dé ọ̀dọ̀ wa, a sì máa sọdá òkun Àtìláńtíìkì dé igbó Amazon ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Nítorí náà, bí ẹ bá fi ìka fa ìlà lórí tábìlì yín láàárọ̀ ọ̀la, ìsàlẹ̀ adágún kan tó ti gbẹ ni ẹ fọwọ́ kàn yẹn.

Ẹni tó bá ní ìwé nílé mọ ohun tí eruku yìí ń ṣe. Á wọ àárín ewé, á jókòó sórí ìwé bí àlejò tí kò ní lọ. Ọyẹ́ á gbẹ gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn ìwé, ẹ̀yìn ìwé á dún kẹ̀ù bí a bá ṣí i, ewé á ká sókè. Kò tán síbẹ̀ o, nítorí pé ikán ò mọ ọyẹ́ yàtọ̀ sí òjò. Ọgbọ́n tèmi ni pé n kì í jẹ́ kí pẹpẹ ìwé mi fara kan ògiri. Mo ki ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ agolo, mo da kárósíìnì díẹ̀ sí i. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo máa ń sọ àwọn ìwé náà kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń fi aṣọ gbígbẹ nù wọ́n. Ẹ má ṣe fi aṣọ tútù nu ìwé nígbà ọyẹ́ o, ẹrẹ̀ lẹ ń pò yẹn.

Ìyàwó mi ní iṣẹ́ wákàtí kan ni mo ń fi odindi ọjọ́ ṣe. Òótọ́ ni. Ìwé tí a bá ti gbé sọ́wọ́, ó ní ojú tí ó fi ń woni. Èèyàn á ní kí òun kàn wo ojú ewé kan péré, ó di ogún. Èmi ò mọ ìgbà mìíràn nínú ọdún tí mo ń pàdé àwọn ìwé mi lọ́kọ̀ọ̀kan báyìí. Bí kò bá sí eruku, bóyá n kò bá má tilẹ̀ fọwọ́ kan àwọn mìíràn fún ọdún márùn-ún.

ÒWÚRỌ̀ KÙTÙKÙTÙ

Ní Ìwó, kò sẹ́ni tó nílò aago tó ń jíni. Bí mọ́sáláṣí kan bá ti pe ìrun, òmíràn á gbà á, òmíràn á gbè é, oorun á sì wábi gbà. Mo máa ń wọ súwẹ́tà, mo máa ń fi òrí pa ètè àti gìgísẹ̀, mo máa ń gbé omi kaná. Ní ọjọ́ tí ìyá ẹlẹ́kọ àdúgbò wa bá tètè jáde, ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà ni. Ní ọjọ́ tí kò bá jáde, tíì àti búrẹ́dì ni. Ṣùgbọ́n kí n tó fọwọ́ kan fóònù, mo gbọ́dọ̀ ti ka ojú ewé méjì ìwé Yorùbá, kíké sókè.

Ẹ ó ní kí ló dé? Ìwé àti ìròyìn tí akọ̀ròyìn ń kà lóòjọ́ pọ̀ ju èyí tó ń yé e lọ. Ìwé ìpè ìjọba, ìwé ìpè ẹgbẹ́ òṣèlú, ọ̀rọ̀ orí WhatsApp tí ẹnikẹ́ni ò mọ bàbá rẹ̀, nígbà tó bá fi di ọ̀sán, ẹnu ti kan. Ojú ewé méjì láàárọ̀ dà bí ìgbà tí èèyàn run orín kí ó tó jẹun. Ẹnu á mọ́, adùn oúnjẹ á sì hàn.

Àwọn wo ni mò ń kà? Fágúnwà wà ńbẹ̀, ẹ mọ̀ ìyẹn. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí wà ńbẹ̀, ẹni tó kọ Àjà Ló Lẹrù ní 1969. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí Yorùbá ṣe ń dáhùn ara wọn nínú ọ̀rọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò ní gbà fún ẹnìkejì, ẹ lọ ka Òkédìjí. Adébáyọ̀ Fálétí wà ńbẹ̀ pẹ̀lú Ọmọ Olókùn-Ẹṣin, Akínwùmí Ìṣọ̀lá sì wà ńbẹ̀ pẹ̀lú Ó Le Kú, tó jáde ní 1974, tí púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀gbọ́n tó wà níhìn-ín fi ìdí ìwé ìṣirò bò mọ́lẹ̀ kà ní kíláàsì. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ o, tíṣà wa kan ló sọ ọ́ fún mi. Ní 2017 ni Fálétí kú, Ìṣọ̀lá tẹ̀lé e ní 2018, Òkédìjí ní 2019. Láàárín ọdún mẹ́ta péré, àwọn mẹ́ta lọ. Ohun tí wọ́n kọ ni a ṣì fi ń gbọ́ ohùn wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni kíkàwé ní ìdájí kì í ṣe ohun tí akọ̀ròyìn ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wọ ìlú yìí. Ìwó ti jẹ́ ìlú àwọn àlùfáà láti ìgbà Ọba Mọ́mọ̀dù Lámúyẹ, Olúwòó tó kọ́kọ́ jẹ́ Mùsùlùmí. Àìmọye ọmọ ìlú yìí ló ti jókòó yí iná igi ká nígbà ọyẹ́, wàláà lórí itan, tí wọ́n ń ké kéwú kí oòrùn tó yọ. Lápá kejì ìlú, àwọn Onítẹ̀bọmi dá kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ sílẹ̀. Lórí ilẹ̀ náà ni Yunifásítì Bowen wà lónìí, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2002. Bowen tí wọ́n fi sọrí yunifásítì náà ni òyìnbó tó tẹ ìwé gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá jáde ní 1858. Ẹ ò rí i pé apá ibi tí a bá wò ní Ìwó, ìwé ló wà ńbẹ̀.

ỌKỌ TÀBÍ ỌKỌ̀?

Ìdí mìíràn tí mo fi ń kà á sókè ni àmì ohùn. Àwọn kan ní àwa akọ̀ròyìn èdè Yorùbá ń fi àmì da ojú ìwé rú. Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn báyìí tí iná ń ṣẹ́ yọ kiri, ká ní mo kọ àkọlé kan láìfi àmì kankan sí i pé "Oko Iya Alata Jona". Kí ló jóná? Ó lè jẹ́ oko, níbi tó gbin ata sí. Ó lè jẹ́ ọkọ̀, èyí tó fi ń kó ata lọ sọ́jà. Ó sì lè jẹ́ ọkọ, bàbá àwọn ọmọ rẹ̀! Oko tó jóná, a ó kí i pé ẹ pẹ̀lẹ́. Ọkọ̀ tó jóná, a ó dá owó. Ṣùgbọ́n ọkọ ńkọ́? Èèyàn á ti gbé ìwé ìròyìn sáré lọ síléè rẹ̀ tẹkúntẹkún, á bá baálé ilé níbi tó ti ń jẹ iyán.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ gidi ni. Ẹni tí kò bá ń ka èdè rẹ̀ sókè, etí rẹ̀ á di díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò sì ní mọ ibi tí àmì yẹ kó wà. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí wa lórí fóònù láìní àmì, àwa náà ni wọ́n ń wò kọ́ ọ. Fóònù òde òní sì ní pátákó ìtẹ̀wé tó ní àmì Yorùbá nínú. Ẹ kàn ní kí ọmọ yín bá yín wá a jáde ni.

ÀWỌN TÓ KỌ̀WÉ LẸ́NU IṢẸ́

Nígbà tí mo wà ní Pólì, a ní olùkọ́ kan tó máa ń sọ pé ẹni tó bá ń dúró de àyè kò ní kọ nǹkan kan. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, àfìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn àwọn tó kọ̀wé ṣáájú wa. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ní àyè.

Iṣẹ́ ìròyìn ní èdè Yorùbá ti pẹ́. Ní 1859 ni Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ní Èkó ní 1929, Isaac Babalọlá Thomas ní ìwé ìròyìn tirẹ̀, Akéde Èkó. Òun ni olóòtú, òun ló ń sáré ìròyìn, òun náà ló ń wá owó ìtẹ̀wé. Síbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sínú ìwé ìròyìn náà bí ẹni pé obìnrin kan tí àìsàn dá gúnlẹ̀, Ṣẹ̀gilọlá, ló ń ròyìn ìgbésí ayé ara rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn òǹkàwé gbà pé ẹni gidi ni. Nígbà tó fi di 1930, àwọn lẹ́tà náà ti di odindi ìwé, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì kà á sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè wa. Ẹ wò ó, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn ni.

Fágúnwà ńkọ́? Ní àwọn ọdún 1930, olùkọ́ ni ní Ọ̀yọ́. Ó ń kọ́ ọmọ, ó ń máàkì ìwé, ó sì kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tó jáde ní 1938. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ mọ bí iṣẹ́ yẹn ṣe tó. Amos Tútùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, kò kàwé púpọ̀. Alágbẹ̀dẹ bàbà ni nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, lẹ́yìn ogun ó di ìránṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Èkó. Níbi tó ti ń jókòó de ẹni tí yóò rán an níṣẹ́ ló ti mú lẹ́ẹ̀dì àti bébà tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọ̀mu-ẹmu tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952. Òyìnbó ló fi kọ ọ́ o, ṣùgbọ́n ohùn ilé ló fi sọ ọ́, ayé sì gbọ́.

ÌWÉ TÓ SỌNÙ LẸ́Ẹ̀MEJÌ

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti àlùfáà Samuel Johnson. Ọ̀yọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́ Olúwa, láàárín ìgbà tí ogun Kírìjì ò tíì kúrò lẹ́nu àwọn àgbà. Ó ń jókòó ti àwọn arókin àti àwọn arúgbó, ó ń bi wọ́n, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ní 1897, ó parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá. Ó fi ránṣẹ́ sí àwọn atẹ̀wé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé náà sì sọnù síbẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún! Ní 1901, Johnson kú láì fojú rí i.

Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, kò jẹ́ kó parí síbẹ̀. Ó kó àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ jọ, ó tún odindi ìwé náà kọ. Ní 1916, àárín ogun, ọkọ̀ ojú omi Appam tí ìwé náà wà nínú rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn Jámánì, wọ́n sì gbé ọkọ̀ náà lọ sí Amẹ́ríkà. Ó pẹ́ kí wọ́n tó rí ìwé náà gbà padà. Ní 1921 ni ìwé náà tó jáde, Obadiah náà sì ti kú ní 1920. Títí dòní, ìwé yẹn ni gbogbo ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ìtàn Yorùbá ń kọ́kọ́ nawọ́ sí, ìbáà jẹ́ láti gbà á gbọ́ tàbí láti bá a jiyàn.

Ẹ jẹ́ kí a rò ó. Kí ló gba ìwé yẹn là? Kì í ṣe ìwé ńlá tó kọ́kọ́ parí, nítorí ìyẹn ti lọ. Bébà wẹ́wẹ́ ló gbà á là, èyí tó ti ń kọ lójoojúmọ́ nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wò ó. Bí kò bá kọ ìyẹn, Obadiah ì bá fọwọ́ lẹ́rán.

ÌTURA KÉKERÉ

Nítorí ìdí èyí ni mo ṣe ń kọ ìdajì ojú ewé ní alaalẹ́, èyí tí kì í ṣe ti ìwé ìròyìn. Lójú ọ̀sán, mo wà ní Odò Ọrí, mo wà ní ìjọba ìbílẹ̀, mo wà níbi tí wọ́n ti ń jà. Bí mo bá wọlé lálẹ́, mo ti jẹ eruku yó, mo ti gbọ́ irọ́ yó pẹ̀lú. Ìgbà yẹn ni mo máa ń mú ìwé kékeré kan, mo ń kọ ohun kan péré tí mo rí tàbí tí mo gbọ́ tí kò ní sí nínú ìròyìn: iye tí ìyá kan ń ta ìwọ̀n gààrí, ọ̀rọ̀ tí awakọ̀ kan sọ, orúkọ tí àwọn àgbà ń pe àdúgbò kan tẹ́lẹ̀.

Ẹ má rò pé mo jẹ́ akin o. Ìtura kékeré ló ń dè mí mọ́ àga. Àsìkò àgbálùmọ̀ la wà yìí, n kì í kọ̀wé láìní mẹ́ta nílẹ̀, bí ìdajì ojú ewé bá parí ni mo tó ń fọ́ èyí tó gbẹ̀yìn. Bí àgbálùmọ̀ bá kan jù, gúgúrú àti ẹ̀pà ń bẹ. Rédíò á máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ níbi igun. Bí NEPA bá mú iná, mo ní àtùpà tí a fi oòrùn chájì, oòrùn ọyẹ́ sì rèé, kò ṣahun. Aṣọ òfì àtijọ́ tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni mo ń fi bo ẹsẹ̀. Àwọn nǹkan yìí kò ná èèyàn lówó, wọn ò sì sọni di òǹkọ̀wé. Ṣùgbọ́n ara tó bá tù ló ń jókòó pẹ́, ẹni tó bá jókòó pẹ́ ni ọ̀rọ̀ ń wá bá.

OHUN TÍ MO WÁ GBÀ

Mo dé ibi tí mo ń lọ. Ẹnì kan wà láàárín wa, n kò ní dárúkọ rẹ̀, òun ló ní kí n sọ ọ́. Ìyá rẹ̀ kú nígbà ọyẹ́ èṣí. Ó pè mí pé kí n bá àwọn kọ ìtàn ìgbésí ayé Màmá sínú ìwé ètò ìsìnkú. Mo mú bírò. Mo ní, "Ọdún wo ni Màmá dé Ìwó?" Ó dákẹ́. Mo ní, "Kí ni wọ́n kọ́kọ́ tà?" Ó ní aṣọ ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba fóònù, ó ní iyọ̀ ni. Mo ní, "Ta ló kọ́ wọn lájé?" Àwọn ọmọ mẹ́fà, tí Màmá fi ọjà yẹn rán níwèé, tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ agbẹjọ́rò, kò sí ẹni tó lè dáhùn. Ohun tí a wá kọ ni pé ìyá rere ni, oníwà tútù ni, ó fẹ́ràn Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ yẹn dára, àmọ́ aṣọ tí gbogbo ìyá lè wọ̀ ni, kò sí èyí tí a rán mọ́ Màmá lára nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú ni ìyá àgbà kan nínú ọjà, ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wá sọ ìdajì ìtàn náà fún wọn. Ìdajì yòókù ti bá Màmá lọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bó ṣe rí nílé wa, bẹ́ẹ̀ ló rí nílé ìwé wa. Ta ni ọmọ tó kọ́kọ́ lu agogo? Ní ọdún wo ni ìjì ṣí òrùlé kíláàsì? Igi máńgòrò tí wọ́n gé yẹn, ta ló gbìn ín? Àwọn ìnagijẹ tí a sọ àwọn tíṣà wa (ẹ má bínú, sà), ta ló kọ́kọ́ pe èwo, kí ló sì fà á? Àwọn tó mọ̀ wà nínú gbọ̀ngàn yìí lónìí. Àwọn kan tó mọ̀ wà níhìn-ín lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, àga wọn ló ṣófo yìí. Ìwé ìròyìn pàápàá ń lọ. Gbohùngbohùn, tí ilé iṣẹ́ Sketch ń tẹ̀ ní Ìbàdàn, tí àwọn olùkọ́ wa ń dù kà ní ọ́fíìsì, bí ẹ bá ń wá a lónìí, àfi kí ẹ lọ tú àpótí arúgbó.

Mi ò ní kí gbogbo wa di Fágúnwà. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ bí tíṣà ìṣirò wa ṣe kọ́ wa. Ẹni tó bá kọ ojú ewé kan lọ́sẹ̀, ojú ewé 52 ló ní lọ́dún. Bí ọgọ́ta nínú wa bá sì kọ ojú ewé méjì péré, ìwé olójú ewé 120 nìyẹn, ìtàn ilé ìwé wa dé nìyẹn. Ẹni tí kò lè kọ ọ́, kó sọ ọ́ sínú fóònù kí ọmọ rẹ̀ bá a dà á sórí bébà. Ẹ dà á sórí bébà o! Fóònù ń bọ́ sómi, olè ń gbé e.

Ìwé ńlá kan wà lórí tábìlì tí a ti forúkọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀, bírò mẹ́ta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo wá gbà lọ́wọ́ yín ni pé kí ẹnikẹ́ni má kúrò níhìn-ín láìkọ ìlà mẹ́ta nípa olùkọ́ kan. Ẹ má kọ "olùkọ́ rere ni". Ẹ kọ ohun tó sọ, ohun tó wọ̀, bó ṣe ń rìn, ọjọ́ tó nà yín àti ìdí rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ ní èdè tó bá wá sẹ́nu. Bó bá jẹ́ Yorùbá, ẹ fi àmì sí i, kí a lè mọ̀ bóyá oko lẹ bá a lọ tàbí ọkọ̀ lẹ bá a wọ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ kò bọ́ nínú rẹ̀. Tiyín ni pé kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó kọ́ ẹ̀yin náà. Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, mà. Àwa ò mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n.

Ọyẹ́ ń lọ. Láìpẹ́, àkọ́rọ̀ á rọ̀, á fọ eruku orí òrùlé àti ti ewé igi dànù, a ó sì gbàgbé pé ètè wa bẹ́ rí. Àwọn nǹkan mìíràn ń bẹ tí kò yẹ kí òjò bá wa fọ̀ lọ. Ìrẹsì ti jinná, mo rí i lójú Alága pé ó yẹ kí n jókòó. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ̀mí wa gùn ká tún pàdé lẹ́ẹ̀mìíràn. Ẹ má gbàgbé o, ìlà mẹ́ta.